Orúnkún Àwẹ̀ró Tó Ń Dún

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, ìkòkò ni gbogbo obìnrin ń mọ. Ìbídùn, ìyáálé ilé Ògúndìran, ló mọ̀ ọ́n mọ jù. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni òun nìkan fi wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ kí wọ́n tó gbé Àwẹ̀ró wọlé bá a. Àwẹ̀ró kéré lọ́jọ́ orí, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, ó sì ní ohun kan tó ń bí Ìbídùn nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ: orúnkún rẹ̀ máa ń dún.

Láràárọ̀, bí Àwẹ̀ró bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ wọn, orúnkún méjèèjì á dún kọ́-kọ́. Ìyá àgbà á bú sẹ́rìn-ín, á ní, “O ṣeun, ìyàwó mi. Ẹnu rẹ kí mi, orúnkún rẹ náà kí mi.” Ìbídùn tó ti kúnlẹ̀ ṣáájú, tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín sí, á dìde, á gbọn eruku aṣọ rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ò ní gbà pé èèyàn lè jowú orúnkún tó ń dún, àbí? Ẹ lọ bi ẹni tó ti ní orogún rí.

Lọ́jọ́ kan, Ìbídùn ń fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò ńlá kan po, bí àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ti í ṣe, ló bá kọsẹ̀, ó sì fi orúnkún òsì gbá òkúta. Ó rò pé kò tó nǹkan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, orúnkún náà wú, ó gbóná, ibà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó pa á mọ́ra. Bí ó bá fi lè sọ ọ́, Àwẹ̀ró ni yóò jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, Àwẹ̀ró náà ni yóò sì máa gbé oúnjẹ fún ọkọ. Ó fa ìró rẹ̀ wálẹ̀ dé kókósẹ̀, ó ń fara da ìrora náà, ó sì ń kúnlẹ̀ láràárọ̀.

Àwẹ̀ró kíyè sí i. “Ìyáálé mi, ó dà bíi pé ẹ ń tiro.”

“Ta ló ń tiro? Orúnkún tìrẹ tó ti sán ni kí o lọ tọ́jú!”

Ọ̀rọ̀ amọ̀kòkò ni Ìbídùn sọ yẹn. Bí wọ́n bá sun ìkòkò tán, wọ́n á fi ìka kàn án. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀, ó ti sán nìyẹn. Bí ó ti sọ ọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó bá ìyá àgbà sọ ọ́ pé láìpẹ́ Àwẹ̀ró yóò rọ lẹ́sẹ̀, àyà ìyá àgbà sì já. Ó ní kí àwọn méjèèjì lọ bá Adérópò, bàbá tó ń to egungun. Ìbídùn mọ̀ọ́mọ̀ dúró di ọjọ́ ọjà, tí Adérópò máa ń jókòó sẹ́bàá ọjà, kí gbogbo ayé lè gbọ́.

“Bàbá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké!” Ìbídùn ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ bí Àwẹ̀ró ti kúnlẹ̀.

Adérópò ká ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, ó nà án. “Ṣé ó ń dùn ọ́?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ṣé ó ti wú rí? Ṣé ó máa ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ tí o bá ń rìn?”

“Rárá o. Láti kékeré ló ti ń dún. Ti ìyá mi náà ń dún, wọ́n ṣì ń ru amọ̀.”

“Dìde, ọmọ mi. Omi díẹ̀ wà láàárín oríkèé wa, atẹ́gùn inú rẹ̀ ló máa ń bẹ́ tó fi ń dún. Bí kò bá ti dunni, tí kò wú, ariwo lásán ni.”

“Ẹ tún un wò!” Ìbídùn fò síwájú pẹ̀lú ìbínú. Ẹsẹ̀ òsì kò gbà á. Àwẹ̀ró ló sáré gbá a mú kó tó balẹ̀. Ìró ká sókè, gbogbo wọn sì rí orúnkún tó wú bí àgbọn, tó pọ́n, tó ń dán.

Adérópò gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e. “Ọjọ́ kelòó rèé?”

“Ọjọ́ kẹsàn-án.”

“Ó wú, ó gbóná, ibà tẹ̀lé e, o kò lè tẹ̀ ẹ́, o wá mú orúnkún olórúnkún wá fún mi! Gbàrà tó ti wú ló yẹ kí n ti rí ọ.”

Ìbídùn bú sẹ́kún. “Kò dún ni, Bàbá. Kò dún rárá.”

Bàbá náà nawọ́ sí ọjà tó ń hó yèè. “Bí ẹni tó fẹ́ ra ìkòkò bá dúró níwájú rẹ, ṣé ariwo yẹn lò ń wò?”

“Rárá. Ẹni tí mò ń bá nájà ni.”

“Ìrora ara rẹ lò ń bá nájà, o kò wò ó; ariwo ara ẹlòmíì lo gbájú mọ́.”

Oṣù mẹ́ta ni Ìbídùn lò nílé Adérópò. Àwẹ̀ró ló ń gbé oúnjẹ lọ, Ìbídùn sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n orúnkún náà gan, kò sì ká mọ́ láéláé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà sílé, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbìyànjú títí láti kúnlẹ̀. Ìyá àgbà ní, “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbà á.” Àánú yẹn dùn ún ju ẹsẹ̀ lọ.

Títí tó fi darúgbó, tó bá rí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ gígan náà síwájú, yóò sọ ohun tó rí lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ làwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ẹni a bá ń nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà.