Ehoro, Ìyá Ìgbín àti Owó Tó Kún Yàrá

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá Àgbà, ẹ má tíì sùn o. Ọ̀rọ̀ Ehoro ni mo fẹ́ sọ, òun àti iṣu rẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, owó ẹyọ ni àwọn ẹranko ń ná. Ṣùgbọ́n ẹyọ tí kò bá sí lára okùn Ìyá Aláǹtakùn, kì í ṣe owó. Òun nìkan ló ń sín in. Ogún okùn ló ń sín lọ́jọ́ ọjà, láti fi dípò èyí tó bá já.

Ehoro ní iṣu kún àká. Okùn kan ni iṣu kan. Ó rò ó pé bí owó bá pọ̀ níta, iṣu òun á wọ́n. Ó bá gba ilé Aláǹtakùn lọ.

"Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ń sọ nígboro pé ẹ háwọ́ jù. Ẹ tú okùn yín sílẹ̀, kí gbogbo ìlú lè máa yìn yín."

Orí Ìyá wú. Ó sín igba, ó tún sín igba, ó ń pín in fún ẹni tó bá ṣáà ti na ọwọ́. Iṣu kan di okùn mẹ́ta, ó di mẹ́wàá. Ehoro ń ta iṣu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Olówó orí mi, ẹ dá mẹ́wàá sí fún ẹnu wa."

"Àwa tí owó kún yàrá wa? Ìgbà tébi bá dé, a ó rà."

Ó tà á tán pátá. Owó gba yàrá, ẹnu ọ̀nà ni tọkọtaya ń sùn.

Ebi dé. Ehoro gbé ogún okùn, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ìgbín tó ń ta iṣu.

"Èló nìyí?"

"Ọgbọ̀n okùn."

Ó sáré délé, ó gbé mẹ́wàá sí i, ó sáré padà.

"Ó ti di ogójì, ọmọ mi."

Ó tún sáré. Ó ti di ọgọ́ta.

"Ìyá Ìgbín, ẹ ò sì kúrò lójú kan!"

"N ò kúrò. Iye rẹ̀ ló ń rìn. Sáré díẹ̀ sí i, bóyá wàá bá a."

Odindi yàrá owó ra iṣu mẹ́ta, ọ̀kan sì ti ń jẹrà.

Ehoro lọ dọ̀bálẹ̀ fún Aláǹtakùn. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di okùn yín mú ṣinṣin."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n tú u?"

"Ìgbà tí mo ní iṣu nìyẹn, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ òun náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ata ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo, apẹ̀rẹ̀ owó ni wọ́n ní kó gbé wá. Ó bá káwọ́ kò. Okùn tó bá já, kò tún un sín. Ọjà pa lọ́lọ́. Gbogbo ìlú bú u títí ó fi sú wọn. Díẹ̀díẹ̀, iṣu padà sí okùn kan.

Okùn kan ṣoṣo! Ehoro kò ní in. Oko Ìyá Ìgbín ló wà, tó ń fi eré ru iṣu oníṣu, tó ń gba okùn kan lọ́sẹ̀. Bó bá ti délé, ìyàwó rẹ̀ á na ọwọ́: "Ẹ gbé e wá. Iṣu ni n ó fi rà, kílẹ̀ tó ṣú."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ kí owó pọ̀ nílùú, kó kọ́kọ́ wo ohun tí owó náà máa rà. Ẹni tí okùn owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má torí ìyìn tú u. Bó bá ti tú u, kó fà á padà, bí wọ́n tilẹ̀ ń bú u.

Ó yá, ẹ wọlé. Ẹ wo àká kẹ́ ẹ tó sùn.