Ta Ló Dí Ẹnu Ọ̀nà Òkété?

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ní ìgbà kan rí, Àwẹ̀ró wà lójú ikú. Ó di ọwọ́ Òkété ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, má jẹ èbù iṣu mi o. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, gbìn ín. Òun ni àwọn ọmọ yóò jẹ lámọ́dún." Bó ti sọ èyí tán, ó kú.

Òkété sunkún. Nígbà tó yá, ebi dé. Ó wo èbù, èbù wò ó. Ó sun ọ̀kan jẹ.

"Kì í ṣe èmi o," ó ní. "Orí ni. Àkúnlẹ̀yàn mi ni."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn ju iṣu lọ. Kí òjò tó rọ̀, agbọ̀n Àwẹ̀ró ti ṣófo. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo bàbá!

Àáró ni wọ́n ń ṣe lábúlé wọn: wọn a jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọn a jọ ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Nígbà tó kan Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ Àwẹ̀ró, gbé ọkọ́ dé. Wọ́n kọ ebè tán.

"Èbù dà?" Ọ̀yà bèèrè.

"Ẹ̀yin ará mi, orí burúkú ti jẹ ẹ́ tán!"

"Háà! Orí rẹ léyín?" Ọ̀kẹ́rẹ́ ní.

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Àkúnlẹ̀yàn ni."

"Ta ló bá ọ kúnlẹ̀?" Ọ̀yà ní.

Síbẹ̀, àánú àwọn ọmọ ṣe wọ́n. Oníkálukú lọ bu èbù tirẹ̀ wá.

Òkété nu ojú. "Ẹ máa lọ sinmi. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi gbìn ín, nítorí ìyá àwọn ọmọ."

Irọ́ ni! Ihò Òkété ní ẹnu méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹnu ẹ̀yìn ni olójúkòkòrò yìí kó èbù sí, kí àwọn ọmọ má baà rí i. Ó kó o títí ó fi dí pa.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ti lọ ṣeré. Ajá ọdẹ ki orí bọ ẹnu iwájú. Òkété sá lọ sí ẹ̀yìn. Ó bá iṣu pàdé.

"Ẹ gbà mí o! Mo há!"

Ọ̀yà ń kọjá lẹ́yìn ihò. "Òkété, ta ló dí ọ̀nà?"

"Orí mi ni!"

"Ó dáa. Kí orí rẹ ṣí i."

Ajá gbá ìrù rẹ̀ mú.

"Yéè! Èmi ni! Ọ̀yà, ìyá mi, èmi ni mo dí i! Èmi náà ni mo jẹ èbù Àwẹ̀ró!"

Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣu jáde. Òkété já ara rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n awọ ìrù rẹ̀ kù sẹ́nu ajá. Ìdí nìyẹn tí ìrù òkété fi funfun láti ìdajì dé ṣóńṣó títí dòní.

Nígbà tí ajá lọ, Ọ̀yà kó èbù sínú agbọ̀n Àwẹ̀ró. Ó gbé e ka iwájú Òkété, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹnu kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó gbẹ́ ihò ẹlẹ́nu méjì kò gbọdọ̀ sọ pé òun kò rí ọ̀nà yàn. Orí lè mú ebi wá. Ọwọ́ ẹni ló ń bu iṣu sẹ́nu.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Òkété kò tíì gbin èbù kan. Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀yà. Kò tíì sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ. Kò tíì dé ojú oórì Àwẹ̀ró. Agbọ̀n ṣì wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í lọ́wọ́ mú.