Òwú Tuntun Lára Ìwé Èèwọ̀

Ìwọ baálé ilé yìí, ta ló ń fi nǹkan ṣe èèwọ̀, ṣé ẹni tó ti kú ni àbí ẹni tó wà láàyè? Má tíì dáhùn. Jókòó ná.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí kò ní ọba rí. Ilé ìkàwé ló ń jọba níbẹ̀. Ilé náà ga débi pé ìkùukùu ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, á rìn láàárín àwọn ìwé, á sì jáde lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá ṣí ìwé òjò, òjò á rọ̀ sí oko. Bí wọ́n bá pa á dé, ojú ọ̀run á là. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni àwọn ará ìlú ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà jí ọ̀rọ̀ tó ń sùn.

Ọkùnrin yìí ló ń tọ́jú yàrá ìwé èèwọ̀. Òwú aláró ni wọ́n fi ń so àwọn ìwé náà pa. Lọ́dọọdún, ọyẹ́ á jẹ òwú náà, á já bọ́ sílẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Òfin ilé náà ni pé ìwé tí òwú rẹ̀ bá já, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún so ó kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ti di ti gbogbo ayé. Oòrùn kò wọ̀ bá ọkùnrin náà lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ọwọ́ rẹ̀ yá, wọ́n sì ń yìn ín.

Lọ́dún kan, àìsàn mú àwọn ọmọdé lọ́fun. Obìnrin kan tó ń hun ẹní sáré wá bá a lọ́jọ́ tó ń so òwú.

"Bàbá olùtọ́jú, ẹ gbà mí! Ọmọ mi ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Wọ́n ní ìwé tó mọ ewé rẹ̀ wà níbí."

"Ó wà. Òun ni mo mú lọ́wọ́ yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi í ṣe èèwọ̀."

"Àwọn wo?"

"Àwọn àgbà tó ń gbé òkè ilé yìí ni."

"Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹsẹ̀ yín ni mo dì mú."

"Màá lọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ mi."

Ó so òwú náà le dan-in dan-in, ó wá gun àtẹ̀gùn lọ. Àánú obìnrin náà ń ṣe é, òótọ́ ni.

Ọjọ́ méjì ló fi gùn ún. Bó bá bi àgbà kan, onítọ̀hún á tọ́ka sókè. Ó ń rìn nínú ìkùukùu bí ẹni tó ń lálàá, títí ó fi bá arúgbó tó dàgbà jù lẹ́nu fèrèsé.

"Kì í ṣe àwa," ni arúgbó náà wí. "Àwọn tó fi í ṣe èèwọ̀ ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi. A kàn ń rí òwú tuntun lára rẹ̀ lọ́dọọdún ni, a ní kò lè ṣàìnídìí. Ta ló tiẹ̀ ń so ó?"

Ọkùnrin náà sáré sọ̀ kalẹ̀, ó fi eyín já òwú. Ewé tó wà nínú ìwé náà, ẹ̀yìnkùlé gbogbo ará ìlú ló ń hù sí! Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí.

Ó dáa. O ní ọmọbìnrin ilé yín kì í kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe bá a. Bàbá ńlá rẹ tó sọ bẹ́ẹ̀ ti jẹrà tipẹ́. Bàbá rẹ náà ti kú. Ta ló wá gba àpò ìwé léjìká ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí, tó gbé e jù sí àjà?

Ìwọ ni.