Tinúadé Alátùn-únṣe Ẹ̀rọ Ìlọta

Ọdún mẹ́ta ni Tinúadé fi jókòó sí ọ́fíìsì kan, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Nígbà tó sú u, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ bó, epo dúdú kún èékánná rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé torí èyí ni mo ṣe rán ọ níwèé?"

Tinúadé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó kọ́ṣẹ́ parí, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá láìsí oníbàárà. Wọ́n ní kí lobìnrin mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò kú. Ọkùnrin méjì tún un títí, kò gbọ́. Àwọn obìnrin tó gbé àgbàdo ògì wá ti ń gbé e padà kí Tinúadé tó dé. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó tò ó padà, ó fa okùn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà bú ramúramù.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bèèrè pé, "Ọmọ ta nìyí?"

Ìyá Tinúadé sún síwájú pẹ̀lú abọ́ àgbàdo tirẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo bí i."