Àgùtàn Tí Kò Gbà Kí Wọ́n Lé Àwọn Ará Inú Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìbídùn, gbé ọmọ yẹn kúrò lójú èéfín. Àlọ́ mi gbéra, kò yà sílé ọba, kò yà sílé ìjòyè. Ó kọjá tààrà, ó lọ bá Àgùtàn létí odò.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílẹ̀ àwọn ẹranko. Koríko gbẹ níbi gbogbo, àfi etí odò kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni Ẹfọ̀n, tí í ṣe olórí wọn, ti ń jẹ pẹ̀lú Ewúrẹ́, Ẹtu àti Àgùtàn. Wọ́n ń jẹ ẹ́ pọ̀, ó sì ń tó wọn.

Òkété ń wo etí odò yẹn, ó ń dá itọ́ mì. Òun nìkan ló fẹ́ ni ín, kó fi gbin ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lé Ẹfọ̀n? Ni Òkété bá se èèpo igi kíkorò sínú ìkòkò, ó gbé e wá síwájú wọn.

"Bàbá Ẹfọ̀n, mo kí yín o. Ẹ̀yin ará, ẹ̀ ń jẹ koríko láti àárọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, ebi tún ń pa yín. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀?"

"A ò mọ̀ ọ́n," ni Ẹfọ̀n wí.

"Olè wà nínú ikùn yín! Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú ò lè rí. Wọ́n pọ̀ ju iyanrìn lọ. Oúnjẹ tí ẹ bá gbé mì, àwọn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ mu omi yìí, gbogbo wọn á kú. Ẹ̀kúnwọ́ koríko kan á sì máa tó yín lójúmọ́. Ẹ sáà fi etí odò sílẹ̀ fún mi, ẹ ò kúkú ní nílò rẹ̀ mọ́."

Inú wọn dùn. Òkété kọ́kọ́ bu igbá kan, ó dà á sẹ́nu. Ẹ ò rí i pé òkété ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́? Inú àpò yẹn ló kó omi náà sí. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tu ú sínú igbó.

"Kò mu ún!" Àgùtàn pariwo. "Ó tu ú dànù! Mo rí i!"

Ewúrẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ Àgùtàn! Láti ìgbà wo ni àgùtàn ti gbọ́n?"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. Mi ò ní mu."

Ẹfọ̀n fajú ro. "Èmi olórí yín ni mo ní kí o mu."

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ní kí n pọnmi, màá pọn ọ́n. Ẹ ní kí n sùn níta, màá sùn síta. Ṣùgbọ́n inú mi, èmi ni mo ni ín. Nígbà tí mo kéré, koríko kì í dà nínú mi. Mo rù kan eegun. Ìyá ìyá mi ló pọ àpọ̀jẹ tirẹ̀, ìyẹn koríko tó ti gbé mì tẹ́lẹ̀, tó fi sí mi lẹ́nu. Ó ní, 'Gba àwọn ará inú mi. Àwọn ni yóò máa bá ọ lọ oúnjẹ.' Láti ọjọ́ náà ni ara mi ti le. Mi ò ní í lé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún mi."

Ó wá fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Wọ́n ní n mu, mi ò mu,
*Gbọn-in gbọn-in, mo dúró!*
Wọ́n ní n lọ, mi ò lọ,
*Gbọn-in gbọn-in, mo dúró!*
Ará inú mi, ẹ jókòó,
*Gbọn-in gbọn-in, mo dúró!*

Àwọn yòókù mu ún, wọ́n sì fi etí odò sílẹ̀. Wọ́n ṣu, wọ́n ṣu, ara wọn fúyẹ́, wọ́n ń jó. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, koríko jókòó sínú wọn bí òkúta. Ikùn wọn wú. Irun Ewúrẹ́ ń já bọ́. Ẹ̀gún gún Ẹfọ̀n lẹ́sẹ̀, egbò náà kọ̀, kò san. Ẹtu tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà ń kanra mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, oorun ò sì kùn ún mọ́.

Òkété gbé ọkọ́ lé èjìká, ó di etí odò. Ó bá Àgùtàn láàárín koríko.

"Kúrò níbẹ̀!"

"Wá mú mi kúrò."

"Ìwọ nìkan ṣoṣo?"

"Ta ló ní èmi nìkan ni? A pọ̀ ju iyanrìn lọ. Ìwọ náà lo sọ bẹ́ẹ̀."

Òkété rẹ ohùn sílẹ̀. "Jẹ́ ká pín in. Ìdajì tèmi, ìdajì tìrẹ. Sáà pa ẹnu mọ́."

"Ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa, mi ò ní í bá ọ pín in."

Àgùtàn fi orí kan ọkọ́, èèkù ọkọ́ kán. Òkété fò sẹ́yìn, ó sá lọ.

Lẹ́yìn náà ni Ewúrẹ́ wọ́ ara rẹ̀ dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí. Mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà."

Àgùtàn sún mọ́ ọn. "Ó dùn mí o. Ya ẹnu."

Ó pọ àpọ̀jẹ, ó nà án sí i. Ewúrẹ́ yínmú. "Ohun tó ti ọ̀fun yín jáde?"

"Òun náà ni. Àbí kí n gbé e mì padà?"

Ewúrẹ́ gbé e mì. Ẹtu gbé e mì. Ẹfọ̀n, olórí wọn, tẹ orí ba, òun náà gbé e mì. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ara wọn yá. Wọ́n ń jẹ koríko díẹ̀díẹ̀, ikùn wọn ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí egbò ẹsẹ̀ Ẹfọ̀n fi jiná.

Ọjọ́ tí wọ́n lè sáré ni wọ́n lé Òkété. Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n lé e kọjá òkè. Ó kó sínú ihò, ìtìjú ò jẹ́ kó yọjú lọ́sàn-án.

Ẹfọ̀n wá ní, "Àgùtàn, a ó fi ọ́ joyè."

"Bàbá, mi ò fẹ́ oyè. Bí mo bá tún ní mo rí nǹkan, ẹ gbọ́ mi."

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin èèyàn mi: ikùn ẹni kì í ṣe àpò òfìfo, ìlú ni. Ẹni tó bá lé àwọn ará ìlú náà, ta ni yóò bá a ṣiṣẹ́ ibẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé omi kíkorò wá bá yín nígbà tí ara yín le, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín.