Orí Àwẹ̀ró àti Abẹ Ògúndípẹ̀

Àwẹ̀ró ọmọ Òkè-Ìjọ́ ní irun. Kì í ṣe irun tí ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀kan kí ó kọjá lọ o. Irun náà dúdú bí kóró iṣin, ó kún bí igbó etí odò, bí ó bá sì tú u sílẹ̀, á bo ọrùn, á bo èjìká. Ara rẹ̀ ńkọ́? Ó ń jọ̀lọ̀ bí ewé kókò. Àwẹ̀ró, ẹni tí a wẹ̀ tán tí a ró láṣọ: orúkọ náà kò parọ́ mọ́ ọn rárá.

Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ni ó ń tọ́jú orí yìí láti kékeré. Ìyá ọmọ náà ti kú, Ìbíyẹmí kò sì bí obìnrin, nítorí náà òun ni gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró. Òun ni ó ń yà á ní òòyà, òun ni ó ń fi àdín pa á, òun ni ó ń dì í. Nígbà tí ó tó àkókò ọkọ, òun náà ni ó ṣe alárenà. Ó lọ bá ìyá Ìṣọ̀lá ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹwà. Bí ọmọ wa bá yọ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wá ibi tí ẹ ó fi ojú sí." Wọ́n gbà, wọ́n sì fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn iṣu tuntun.

Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà kò bìkítà pé ẹnìkan ń ṣe ìyàwó. Ó rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ lọ́sàn-án, ó tún ń rọ̀ nígbà tí adìyẹ bá ń wọlé. Aṣọ kò gbẹ lórí okùn, irun kò gbẹ lórí. Ìbíyẹmí kò sì fẹ́ kí àna yọ lójijì kí wọ́n bá ọmọ òun ní wúruwùru. Ó ń di irun náà ní tútù, ó sì ń wé gèlè lé e pinpin. Ẹ̀yin tí ẹ ń di irun, ẹ ti mọ èyí tí ó kù. Lọ́jọ́ tí ó tú u, òórùn aṣọ tí a gbàgbé sínú agbọ̀n ni ó kọ́kọ́ jáde, ó sì rí làpálàpá méjì roboto-roboto láàrin orí ọmọ.

Ó rọra dì í padà, kò sọ nǹkan kan fún ọmọ. "Orí mi ò! Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá Ìṣọ̀lá?" Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Bí wọ́n bá fá orí náà kodoro nísinsìnyí, làpálàpá yóò kú, irun yóò sì ti hù díẹ̀ kí iṣu tuntun tó dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró gbé èlùbọ́ lọ fún ìyá ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò Ọ̀sàn, ó ní òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kò tíì rìn jìnnà tí Ìbíyẹmí fi ránṣẹ́ pe Ògúndípẹ̀ onígbàjámọ̀.

Ọkùnrin ẹlẹ́fẹ̀ ni Ògúndípẹ̀. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pọ́n abẹ. "Ìyá Àwẹ̀ró, orí dà?"

"Orí ń bọ̀."

"Ibo ló lọ?"

"Ó lọ kí ìyá àgbà rẹ̀."

"Ó dáa, ẹ gbé omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wá nígbà náà. Èmi á máa kí omi kí orí tó dé."

Orí kò dé. Òjò ńlá kan ṣú láti òkè, odò Ọ̀sàn kún bo etí, ọlọ́kọ̀ so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́gi, ó lọ sùn. Ìbíyẹmí kò sì ní sùúrù. Ó rí olóbì kan tí ó ń kọjá lọ sí Ìdó-Ọ̀pẹ, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá Ìṣọ̀lá pé a fẹ́ fá orí Àwẹ̀ró, kí ó má baà yà wọ́n lẹ́nu." Ó rò pé ọgbọ́n ni òun dá.

Ní ọjọ́ kejì, Ògúndípẹ̀ tún dé. Wọ́n ho ọṣẹ sínú igbá. Wọ́n jiyàn lórí ibi tí wọn yóò sin irun náà sí. Ògúndípẹ̀ bèèrè bóyá kí òun dá òṣù, ìdì irun kan, sí láàrin, Ìbíyẹmí ju kànìnkànìn lù ú. Ọṣẹ tí wọ́n ho gbẹ sínú igbá, orí kò dé.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹwẹ̀rẹ ni ọ̀dọ́kùnrin kan sáré wọ agbo ilé, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ìṣọ̀lá ni. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa.

"Ìyá, ta ló kú?"

"Kò sí ẹni tí ó kú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Wọ́n ní ẹ ti fá orí ìyàwó mi. Ìgbà wo ni wọ́n ń fá orí obìnrin, bí kò ṣe ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá kú? Èmi ọkọ rèé! Ìyá mi ti ju gèlè nù, ó ń ké 'Ìṣọ̀lá mi ò', èmi sì jókòó tì í, mo ń jẹ iṣu sísun."

Ìbíyẹmí di orí mú. Ọ̀rọ̀ tí kò rò rí! Opó ni wọ́n ń fá lórí ní ilẹ̀ wọn.

"Àwọn bàbá mi ní ikú ni ẹ ń ránṣẹ́ pè sí mi," Ìṣọ̀lá ń mí hẹlẹ. "Wọ́n ní kí n wá fi ojú ara mi wo orí náà. Bí mo bá bá irun, ìyàwó wà. Bí mo bá bá a ní kodoro, ọ̀rọ̀ tán."

"A kò tíì fá a, ọmọ mi!"

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Kò sí nílé."

Ìṣọ̀lá wo omi tí ó ń yọ èéfín. Ó wo igbá ọṣẹ. Ó wo abẹ. "Kò sí nílé, abẹ sì wà nílé?"

"Àna wa," Ògúndípẹ̀ dá a lóhùn, "ìjẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí náà. N kò tíì rí fọ́nrán irun kan."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Omijé ń dà lójú Ìbíyẹmí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ilé o! Odò ti fà."

Áà, ẹ bá mi wo Àwẹ̀ró! Ìyá àgbà kò jẹ́ kí ọmọ jókòó lásán. Ó ti tú irun náà, ó ti fi ọṣẹ dúdú àti omi ewé asúnwọ̀n tí ó ń pa làpálàpá fọ̀ ọ́, ó mú un jókòó lẹ́bàá àrò títí irun fi gbẹ dé ìdí, kò wé nǹkan kan mọ́ ọn. Ìgbà tí ó gbẹ tán ni ó tó fi àdín díẹ̀ tọ́ ọ, tí ó sì di ṣùkú fún un, kò fà á le. Ó ti fi òrí pa á lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, òjò kàn ń yí gbirigbiri lára ọmọ náà ni, kò rí ibi dúró. Tìróò wà lójú rẹ̀ fínnífínní. Ìbíyẹmí sáré yẹ àárín orí rẹ̀ wò. Làpálàpá ti ń rọ, ó ti ń parẹ́ lọ.

"Ìyá mi, abẹ ta nìyẹn?"

"Orí rẹ ni a fẹ́ fá."

"Orí mi? Èyí tí mo gbé sọdá odò? Ẹ ò ṣe bi mí, ẹ̀yin ìyá mi?"

"N kò fẹ́ já ọ láyà ni."

Ìbíyẹmí fi etí gèlè nu ojú, ó yíjú sí àna rẹ̀. "Ìṣọ̀lá, ṣé o ti rí irun?"

"Irun wo, Ìyá?" ni ọmọkùnrin náà wí. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti wọlé, ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lójú ọmọ náà.

Ìgbà yìí ni ẹ̀rín bú. Ògúndípẹ̀ da omi nù, ó ti abẹ bọ àkọ̀, ó sì dìde. "Ìyá Àwẹ̀ró, abẹ mi mú. Ṣùgbọ́n kò tíì mú débi pé yóò fá orí tí ó wà lókè odò."

Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kò dúró sí Òkè-Ìjọ́. Ó bá Ìṣọ̀lá délé, ó bá ìyàwó délé ọkọ lẹ́yìn iṣu tuntun pẹ̀lú irun rẹ̀ lódindi, títí ó fi wọ ẹnu gbogbo ayé. Òun náà ni àwọn àgbà ń pa lówe títí di òní, nígbàkígbà tí wọ́n bá rí ẹni tí ó fẹ́ parí ọ̀rọ̀ nígbà tí olóhun kò sí níbẹ̀, pé: A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.