Ọwọ́ Ẹfúnyẹlá àti Ọmọ Tí Kò Ké

Àwẹ̀ró nìkan ni agbẹ̀bí tó wà ní Ìdí-Àyìnrẹ́ àti gbogbo abúlé tó yí i ká. Bí ọmọ bá jáde láìké, tí ara rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, obìnrin yìí mọ ohun tí yóò ṣe tí ọmọ náà yóò fi mí. Ṣùgbọ́n kò lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún kan, ó ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ lábúlé nígbà tí ìyàwó ọdẹ kan bí nílùú. Ọmọ náà kò ké. Àwọn tó wà nítòsí dì í mú lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e dorí kodò, wọ́n gbá a nídìí, wọ́n da omi tútù lé e lórí. Kí Àwẹ̀ró tó dé, wọ́n ti sin ín.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó tọ Baálẹ̀ Ládẹ̀jọ lọ.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́ àwọn obìnrin mìíràn níṣẹ́ yìí.”

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Àwẹ̀ró, wọ́n bí ọwọ́ yẹn mọ́ ọ ni. Ta ló kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?”

“Wọ́n kọ́ mi ni, Bàbá. Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n yan àwọn tí mo fẹ́, kí ẹ wá fi ojú ara yín dán wọn wò.”

Ó yan obìnrin mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ni Ẹfúnyẹlá, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tó ti ń fi ẹwìrì fínná fún bàbá rẹ̀ láti kékeré. Ara rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ sì yá.

Àwẹ̀ró fi àkísà rán ọmọláńgidi kan, ó sì fi àpò ìtọ̀ ewúrẹ́ sí i láyà. Bí èèyàn bá rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, àyà rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀. Bí èèyàn bá fi agbára fẹ́ ẹ, àpò á bẹ́. Ti Ẹfúnyẹlá ń bẹ́ ṣáá, débi pé àwọn alápatà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun ni yóò jẹ́ kí ewúrẹ́ tán nílùú.

“Àyà ọmọ kì í ṣe iná àgbẹ̀dẹ,” ni Àwẹ̀ró wí fún un. “Èémí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti tó. Má fa ti ikùn wá.”

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, Baálẹ̀ fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwẹ̀ró ní, “Ẹ má bi wọ́n, Bàbá. Ẹ gbé ọmọláńgidi lé wọn lọ́wọ́.” Wọ́n gbé e lé wọn lọ́wọ́, gbogbo wọn sì ṣe é dáadáa. Inú Baálẹ̀ dùn, àmọ́ Àwẹ̀ró ní kò tíì tán, pé òun yóò tún pè wọ́n lẹ́yìn ìkórè iṣu.

Ìkórè parí, wọ́n padà wá. Ọ̀kan gbàgbé láti nu ẹnu ọmọ. Àpò bẹ́ mọ́ Ẹfúnyẹlá lẹ́nu níwájú gbogbo ìgbìmọ̀.

“Ṣé o rí i?” ni Baálẹ̀ wí.

“Mo rí i, Bàbá, kò sì yà mí lẹ́nu. Ohun tí ọwọ́ kò bá ṣe lóòrèkóòrè, ọwọ́ a máa gbàgbé rẹ̀. Láti òní lọ, gbogbo ọjọ́ ọjà ni wọn yóò máa wá ṣe é.”

Ojú ti Ẹfúnyẹlá. “Ìyá, ẹ wá ẹlòmíràn.”

“Èmi kò wá ẹnikẹ́ni. Ìwọ ti mọ ibi tí agbára ti ń pọ̀ jù. Ó yá, mú àpò mìíràn.”

Ó mú òmíràn. Ọjọ́ ọjà kan kò sì gorí òmíràn láìjẹ́ pé ó wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àjíún, ọmọbìnrin Baálẹ̀, kúnlẹ̀ ìrọbí. Àwẹ̀ró ti lọ sí abúlé. Ẹfúnyẹlá ni wọ́n sáré pè. Ọmọkùnrin ni Àjíún bí, àmọ́ kò ké, kò sì mira.

Ìyá Baálẹ̀ figbe ta. “Gbé e dorí kodò! Gbá a nídìí! Àbí o fẹ́ kó kú ni?”

“Ẹ gbà mí láyè, Ìyá.”

Ẹfúnyẹlá fi aṣọ nu ọmọ náà gbẹ, ó fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Kò ké. Ó nu ẹnu rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì tún orí rẹ̀ ṣe kó má wọ́ síwájú, kó má wọ́ sẹ́yìn. Gbogbo agbára tó ní ló fẹ́ gba ọ̀fun Ẹfúnyẹlá jáde, ṣùgbọ́n ó kó o níjàánu. Ó fi ẹnu bo ẹnu àti imú ọmọ náà, ó rọra fẹ́ èémí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i. Àyà kékeré náà gbé sókè. Ó tún fẹ́ ẹ.

“Ọmọ mi ńkọ́?” ni Àjíún ń bèèrè lórí ẹní.

Ẹfúnyẹlá tún kó èémí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún fẹ́ ẹ. Lójijì, ẹsẹ̀ ọmọ náà mì. Ó sín. Ó sì lọgun tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní ìta fi hó yèè.

Baálẹ̀ wọlé, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. “Ẹfúnyẹlá, kí lo ṣe sí i?”

“Wọ́n kọ́ mi ni, Bàbá. Ẹ̀sọ̀ ni mo fi mú un.”

Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé pé kí wọ́n fi obìnrin ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró láti kọ́ṣẹ́. Ìyá Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi. Gbogbo ẹni tó wá kí ìyá ìkókó ló ń sọ fún pé, bí ó bá ṣe pé agbára tí òun ń pariwo rẹ̀ ni wọ́n fi mú ọmọ yìí, ẹkún ni wọn ì bá bá nílé. Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.